Wàrà Gáà Akànbí: Oúnjẹ tí Ẹni tó Ṣe É Ń Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Tà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé oúnjẹ wo ni àlejò gbọ́dọ̀ tọ́ wò kí ó tó kúrò ní Ìlọrin, wàrà, ìyẹn mílíìkì màlúù tí wọ́n fi ewé mú dì, ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ, kì í sì í ṣe wàrà ibi gbogbo. Èyí tí mò ń yẹ̀ wò níbí ni èyí tí àwọn ìyá Fúlàní máa ń gbé wá sí ẹ̀bá ọ̀nà Gáà Akànbí ní òwúrọ̀, tí wọ́n rẹ sínú omi rẹ̀ nínú igbá àti ọpọ́n, tí wọ́n sì ń tà fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, fún àwọn tó ń ti ọjà bọ̀, àti fún àwọn olóúnjẹ tó máa ń wá kó o lọ́pọ̀. Ẹni tó ṣe é náà ni ó ń tà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti fún màlúù títí di ìgbà tí wàrà fi dé ẹnu oníbàárà, kò sí alágbàtà láàárín, kò sí yìnyín, kò sí ọkọ̀ ńlá tó ti ọ̀nà jíjìn gbé e wá. Ohun tí mo sì fẹ́ kí àyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé ìdí tí ó fi dùn tó bẹ́ẹ̀ gan-an nìyẹn.

Wàrà tó dára máa ń funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ojú apẹ̀rẹ̀ sì máa ń hàn lára rẹ̀, nítorí inú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké tí wọ́n hun ni wọ́n máa ń dà á sí kí omi rẹ̀ lè ro. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò tẹ̀, yóò sì tún rọra dìde. Bí ẹ bá gé e sí méjì, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ ki, pé ihò wẹ́wẹ́ díẹ̀ ló wà níbẹ̀, omi tó mọ́ yóò sì máa sun jáde níbi tí ọ̀bẹ gbà kọjá. Ní ti ẹnu, wàrà tòní máa ń dún díẹ̀ lábẹ́ eyín bí ènìyàn bá ń jẹ ẹ́. Adùn mílíìkì tí a sè ló máa ń kọ́kọ́ wá, òórùn èéfín igi díẹ̀ á tẹ̀ lé e, kò sì sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá. Wàrà tàná ti máa ń kan díẹ̀. Àwọn àgbà kan nílé wa fẹ́ràn kíkan yẹn ju ti tòní lọ, n kò sì bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n tòní ni tèmi.

Ìyá tí mo sábà máa ń rà lọ́wọ́ wọn gbà mí láyè láti tẹ̀ lé wọn dé gáà wọn lẹ́yìn ìlú, kí n lè fi ojú ara mi rí bí wọ́n ti ń ṣe é. Mo kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Wọ́n sì dá mi lóhùn ní Yorùbá tó já gaara pé, "Káàbọ̀, ọmọ mi, jókòó, iná ti ń jó." Àwọn ọmọ wọn ti fún màlúù tán kí n tó dé. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ọmọ màlúù kọ́kọ́ mu ọmú ìyá rẹ̀ kí mílíìkì lè sọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn óò fún tiwọn, tí wọn óò sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ náà. Màlúù funfun oníwo gígùn tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní wa kì í ṣe màlúù tó ń mú mílíìkì púpọ̀ wá. Èyí tó bá ń jẹ koríko igbó nìkan kì í sábà fún ènìyàn ju lítà 1 sí 2 lọ lóòjọ́. Nítorí náà, màlúù kan kò lè kún ìkòkò. Ohun tí màlúù púpọ̀ mú wá ni wọ́n kó jọ sínú ìkòkò tí mo rí lórí ààrò yẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń yọwó wàrà rántí rẹ̀.

Bọ̀mùbọ̀mù ni ewé tí wọ́n fi ń mú mílíìkì dì. Igi kékeré ni, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, ó sì ní àwọ̀ eérú díẹ̀. Ó wọ́pọ̀ ní etí ọ̀nà àti lórí ààtàn káàkiri Ìlọrin, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, oje funfun á máa kán, oje náà kò sì dára kí ó ta sí ojú ènìyàn rárá. Ìyá gún ewé rẹ̀ àti igi rẹ̀ tútù díẹ̀, wọ́n bu mílíìkì lé e, wọ́n fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ìkòkò tí ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Èròjà kan wà nínú oje yẹn tó máa ń gé pùròtéènì inú mílíìkì kí ó lè so mọ́ra wọn kí ó sì dì; iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn ará Yúróòpù máa ń fi èròjà inú ikùn ọmọ màlúù ṣe bí wọ́n bá ń ṣe ṣíìsì tiwọn. Ti àwọn Fúlàní wa kò gba pé kí wọ́n pa ẹran kankan, igi tí ẹran gan-an kì í fẹ́ẹ́ jẹ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Sùúrù ni mo rí jù nídìí ààrò yẹn. Wọn kì í ko iná sí i. Bí iná bá pọ̀ jù, wàrà á le, á sì máa fọ́. Bí kò bá tó, kò ní dì dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ó ṣe bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ létí ìkòkò, nígbà tí ó sì hó, ó pín sí méjì: èyí tó dì léfòó sókè, omi tó mọ́ tí ó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nísàlẹ̀. Wọn kò yára gbé e kalẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó hó fún ìgbà díẹ̀ sí i, nítorí híhó yẹn ló ń pa agbára ewé náà, tí kò fi ní máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí wàrà bá ti dì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi igbá kékeré bù ú sínú àwọn apẹ̀rẹ̀, tí omi sì ń ro jáde. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ iye ewé tó tó?" Wọ́n ní, "Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Bí o bá fi pọ̀ jù, oníbàárà á tọ́ ọ wò, á sì gbé e padà fún ẹ."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìkorò ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fi ń dá oníwàrà mọ̀. Wàrà tí ewé rẹ̀ bá pọ̀ jù máa ń korò lẹ́yìn ahọ́n, pàápàá bí wọ́n bá ń kánjú kí ó tètè dì. Èkejì ni bí ó ti rọ̀ tó. Àwọn kan máa ń kó ọ̀rá orí mílíìkì kúrò láti fi ṣe òrí màlúù kí wọ́n tó fi ìyókù ṣe wàrà; irú rẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń gbẹ lẹ́nu. Ti Gáà Akànbí yìí, ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń rà á, kò korò rí, ọ̀rá rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ dáadáa, débi pé ọwọ́ tí ènìyàn bá fi mú un á máa dán.

Ohun mìíràn tó mú kí n fẹ́ràn oúnjẹ yìí ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó ń ṣòfò nídìí rẹ̀. Omi tó ro jáde ni wọ́n fi ń rẹ wàrà kí ó má baà gbẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọn á mu nínú rẹ̀, wọn á sì fún ẹran ọ̀sìn. Apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á sì tún lò ó lọ́jọ́ kejì. Kò sí páálí, kò sí agolo, kò sí ẹ̀rọ tó ń jẹ iná mànàmáná. Igi ìdáná nìkan ni mo lè sọ pé ó ń dín igbó kù, èmi ì bá sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí kí wọ́n tó gbé e dé ibòmíràn.

Ẹ tún wò ó ní ti owó ilẹ̀ òkèèrè. Orílẹ̀-èdè tí màlúù pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí ṣì ń kó ìyẹ̀fun mílíìkì wọlé láti òkè òkun lọ́pọ̀ yanturu, débi pé ní oṣù Kejì ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ 6 péré ni yóò máa rí owó ilẹ̀ òkèèrè gbà láti fi kó mílíìkì wọlé, kí ìpèsè abẹ́lé lè gbèrú. Wàrà Gáà Akànbí kò dúró de dọ́là. Òjò àti koríko ló ń sọ iye tí wọn yóò tà á. Nígbà òjò, pàápàá láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, koríko tútù pọ̀ nítòsí, mílíìkì pọ̀, wàrà tóbi, wọ́n sì máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí ọyẹ́ sì gbẹ gbogbo koríko, màlúù á rìn jìnnà kí ó tó rí ohun jẹ, mílíìkì á dínkù, wàrà tí wọ́n ń tà ní iye kan náà á sì kéré sí i. Ìdí nìyí tí n kò fi kọ iye owó kankan síbí. Iye tí mo bá kọ lónìí kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá máa kà á. Ohun tí mo lè sọ ni pé, ní ìfiwéra pẹ̀lú ẹran àti ẹja, n kò tí ì rà á kí n rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Ní ti bí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn, mo fún wọn ní máàkì tó ga. Wọ́n á gé díẹ̀ fún yín kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó ra, bí ẹ bá bèèrè èyí tó jẹ́ tòní, wọn kò ní fi tàná pè é. Bí ẹ bá ra púpọ̀, wọ́n á fi èènì sí i láìjẹ́ pé ẹ tọrọ rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ mú owó lọ́wọ́ lọ, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í gba owó orí fóònù, ṣéńjì sì máa ń wọ́n wọn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn igbá kan máa ń wà ní ṣíṣí sílẹ̀ létí ọ̀nà, tí eruku ọkọ̀ sì ń gbà lọ, gbà bọ̀. Híhó tí wọ́n hó mílíìkì ti pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn tó lè wà nínú mílíìkì tútù; ewu tó kù ni èyí tí ń bá a lẹ́yìn tí ó ti kúrò lórí iná, láti ọwọ́, láti inú eruku àti láti ara eṣinṣin. Aṣọ funfun tó mọ́ tàbí ìdérí ti tó láti dín èyí kù. Èkejì ni ọ̀rá náílọ́ọ̀nù. Oúnjẹ tí kò dá pàǹtí kankan sílẹ̀ láti inú gáà títí dé etí ọ̀nà, inú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń dì í sí nígbẹ̀yìn, ọ̀rá yẹn náà ni ẹ ó sì rí nínú gọ́tà lẹ́yìn òjò. N kò dá àwọn ìyá lẹ́bi púpọ̀, nítorí àwa oníbàárà ni a máa ń na ọwọ́ lásán sí wọn. Mo ti ń gbé abọ́ onídèérí lọ. Inú wọn máa ń dùn bí wọ́n bá ti rí abọ́ náà, wọ́n sì máa ń bu omi wàrà tó pọ̀ sí i ju bí wọ́n ṣe máa ń bù ú sínú ọ̀rá lọ.

Omi yẹn ṣe pàtàkì. Níbòmíràn nínú ìlú, mo ti ra wàrà tí ẹni tó ń tà á rẹ sínú omi lásán, bóyá nítorí pé omi wàrà gan-an ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó funfun lójú, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀, kò ní adùn mọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú ó sì ti kan kọjá ohun tí ẹnu lè gbà. Bí ẹ bá rí i pé omi inú igbá mọ́ lóló bí èyí tó ti ẹ̀rọ jáde, ẹ bèèrè kí ẹ tó ra. Omi wàrà gidi máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń rùn mílíìkì.

Àwọn kan yóò sọ pé wàrà sóyà wà, pé ó sì rọrùn láti rí. Mo ń jẹ wàrà sóyà, mo sì gbà pé oúnjẹ gidi ni, pàápàá fún ẹni tí mílíìkì kì í bá lára mu. Ilẹ̀ wa náà ni sóyà ti ń hù. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á pè é ní sóyà. Òórùn ẹ̀wà máa ń wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í funfun tó ti màlúù, bí wọ́n bá sì dín in, inú rẹ̀ máa ń ní ihò ju ti màlúù lọ. Àwọn ìyá Gáà Akànbí tí mo mọ̀ kì í pa méjèèjì pọ̀.

Ní ti jíjẹ ẹ́, ọ̀nà pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ti dára tó, kí ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìfi ohunkóhun sí i, níbi tí ó ti rà á. Lẹ́yìn ìyẹn, díndín ni. Mo máa ń gé e ní ìwọ̀n ìka méjì, n óò bu iyọ̀ àti ata gígún sí i lára, n óò sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ kí omi ara rẹ̀ lè fà, torí bí omi bá ṣì wà lára rẹ̀, òróró á máa ta síni lára. Òróró ẹ̀pà ni mo fẹ́ràn jù. Ó gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí wàrà tó wọ inú rẹ̀. Wàrà kì í yọ́ nínú òróró; ńṣe ni ara rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín, tí èèpo tín-ín-rín á sì bò ó, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì funfun tí ó sì rọ̀. Ìgbà tó bá ti pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí ẹ kó o jáde, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dúdú. Nígbà ààwẹ̀, ní àkókò ìṣínu, kò sí ohun tí mo fẹ́ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná ju èyí lọ, ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn sì rèé, gàrí tútù àti wàrà díndín ti tó mi.

Nínú ọbẹ̀ náà, ipò ẹran ni ó máa ń dì mú. Ẹ dín in fẹ́ẹ́rẹ́ ṣáájú kí ó má baà fọ́, kí ẹ sì jù ú sínú ẹ̀fọ́ rírò tàbí ọbẹ̀ ata nígbà tí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó jinná. Yóò fa ata àti irú mọ́ra, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá fi òkèlè àmàlà kó o, ọbẹ̀ á máa tú jáde láti inú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ó bá ìpínlẹ̀ Kwara pààlà ní apá Baruten, irú wàrà yìí ni wọ́n máa ń fi omi èèpo ọkà bàbà pa láró tí ó fi ń pupa. Ó máa ń dùn mọ́ ojú púpọ̀, ó sì wù mí kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbìyànjú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọkà bàbà kò wọ́n wa níhìn-ín.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú omi rẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Ọjọ́ 2 sí 3 ni ó máa ń lò láìsí fíríìjì, bí ẹ bá ń fi iyọ̀ díẹ̀ hó o lálaalẹ́, á tún pẹ́ sí i díẹ̀. Ẹni tó ní fíríìjì kò ní ìṣòro púpọ̀, àfi kí ó má ṣe gbé e síbi tí ẹja wà, torí wàrà máa ń tètè gba òórùn.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, láàárín agogo 8 sí agogo 10, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ ẹrù kalẹ̀ tí àwọn olóúnjẹ kò sì tíì kó èyí tó tóbi lọ. Ẹ mú abọ́ onídèérí dání, ẹ sọ pé tòní ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n bu omi rẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń palẹ̀ mọ́ ṣáájú ìrun. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn agogo 12 ọ̀sán kò ní bá wọn.